Kílò Méjì Ó Dín Díẹ̀

Ọ̀nà Òró-Àgọ́ la fẹ́ fẹsẹ̀ rìn
títí dé ibi tí omi Òwù gbé ń já bọ́ láti orí àpáta,
ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì,
èmi àti Ganíyù, àti ohun tí ẹ̀yìn wa bá lè gbé.
Ìlú ń jẹ́ àgọ́, àwa ò ní àgọ́.

Ní Ìpàta, lẹ́yìn àwọn tó ń ta bàtà tòkunbọ̀,
Sàbíkù tú mẹ́ta sílẹ̀ lórí tapólì.
Èkíní pupa, ó fẹ̀,
ènìyàn lè dìde dúró nínú rẹ̀ kó ró ìró.
Mo gbé e. Mo tún gbé e kalẹ̀.
“Kílò mẹ́rin àbọ̀,” ni Sàbíkù wí, “ṣùgbọ́n ẹ máa gbádùn rẹ̀.”
Ẹni tí yóò gbé e gun òkè kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Èkejì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
nígbà tí wọ́n ká a, kò ju búrẹ́dì kan lọ.
Ganíyù ti ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni rí àna.
Mo ní kó dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà.
Ó dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.
Ọmọ kan tó ń kiri omi tutù dúró,
ó bi mí bóyá ó ti kú.

“Ẹlẹ́ni méjì” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn.
Ẹni méjì wo?
Ganíyù a máa na apá lójú oorun
bí ẹni ń pín ilẹ̀ fún ìbátan,
èmi a máa wé ara mi mọ́ aṣọ bí ẹ̀kọ inú ewé.
Àpò ńkọ́? Bàtà tó rẹ ńkọ́?
Níbo ni ìkòkò yóò sùn?

Ẹ̀kẹta, àwọ̀ ewé gbígbẹ,
ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
kí ẹni tó fẹ́ tọ̀ lóru má baà gun orí ẹnìkejì.
Mo fẹ́ràn ìyẹn. N kò sọ ọ́ jáde, nítorí iye owó.
A gbé e lọ bá obìnrin tó ń ra kajú lẹ́bàá ọ̀nà,
ó fi í kọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀:
kílò méjì ó dín díẹ̀,
èèkàn mẹ́jọ, okùn, ọ̀pá àti gbogbo rẹ̀.
“Irú kajú wo lẹ dì báyìí?” ló bi wá.
Sípù ẹnu ọ̀nà kan ti bàjẹ́. Ìyẹn la fi gé owó.

Ní Òmù-Àrán, a pàgọ́ náà sí àgbàlá
kí a lè mọ̀ bóyá ó ń jò.
Ganíyù da omi garawa mẹ́ta lé e lórí.
Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó fi ọ̀pá gún un níhà,
ó wọlé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó dákẹ́.
A rò pé ó ti sùn.

“Nígbà tí bàbá yín ń mú mi lọ oko,
kò sẹ́ni tó gbé ilé pọ̀n.
Àdá la mú dání. Ilé ti wà nínú igbó, ó ń dúró dè wá:
igi ẹlẹ́ka méjì, imọ̀ ọ̀pẹ, bẹẹrẹ.
Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti bò ó.
Bí a bá ń bọ̀ nílé, a fi í sílẹ̀ fún aláǹgbá.”

Ganíyù, olùkọ́ jọ́gíráfì, wá èsì tì.
Mo fẹ́ sọ fún un pé igbó yẹn ti di kajú,
kajú sì ní olówó,
ṣùgbọ́n ó ti ń fọwọ́ pa ara náílọ́nù náà.
“Ó há,” ló wí. “Ó dáa.
Nínú ahéré, mo ń gbọ́ ìhanrun rẹ̀ lálaalẹ́.
Ìgbà tó kọ́ ilé onípáànù,
yàrá tirẹ̀, yàrá tèmi,
n kò gbọ́ ọ mọ́.”

Télọ̀ oríta pààrọ̀ sípù náà.
Pupa ló rí. A gbà á bẹ́ẹ̀.
Aṣọ àgọ́ wà nínú àpò tèmi,
ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn Ganíyù.
Bí ẹnìkan bá sọnù lọ́nà,
ẹnìkejì ò ní ilé.